Eré Ọmọ Ẹṣin Tó Dópin Létí Odò

Àlọ́ mi rèé o, ẹ̀yin ọmọ!
Àlọ̀, kó máa bọ̀!

Láyé ọjọ́un, Kìnnìún ọba a máa kó àwọn ọmọ ẹṣin jọ kí wọ́n sáré ìje yípo pápá etí odò lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ìyá wọn ò gbọdọ̀ kọjá okùn tó ta.

Lọ́dún kan, Àwẹ̀ró, ọmọ ẹṣin tẹ́ẹ́rẹ́, ṣubú létí odò. Ó dìde. Ó tún ṣubú, ó dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ìyá rẹ̀ fo okùn, ó ń kọrin:

Àwẹ̀ró ọmọ mi, dìde o,
Kútúpà-kútúpà!
Ìyá rẹ ń bá ọ sáré bọ̀,
Kútúpà-kútúpà!

Adérójú, gbé àgbàdo yẹn sílẹ̀, kí ìwọ náà bá àwọn ọmọ yòókù gbe orin yìí!

Àwẹ̀ró dìde, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Làwọn ìyá yòókù bá fo okùn, kálukú sá tọ ọmọ rẹ̀.

Kìnnìún bú ramúramù: "Ta ló wá gbégbá orókè?"

Àwẹ̀ró ò tiẹ̀ wojú ọba. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ ṣeun, ìyá mi, tẹ́ ẹ dúró tì mí."

Gbogbo ọmọ ẹṣin kúnlẹ̀ fún ìyá wọn. Ojú ti ọba, ó ká okùn rẹ̀, eré náà sì parí nìyẹn. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ẹṣin ti ń sáré.

Bí mo bá parọ́, ẹ má gberin mi mọ́.

Adérójú, ta ló sun àgbàdo yẹn fún ọ? Ṣé o ti dúpẹ́?