Ẹ Ní N Kò Gbé Ibí

Ọ̀rọ̀ Látúnjí ti sú Mojírọ́lá, ìyàwó rẹ̀. Ọdún kejì rèé tó ti gba ọ̀kadà láwìn lọ́wọ́ Àlàájà kan, kò san kọ́bọ̀. Kàkà kó lọ bẹ olówó, ńṣe ló kọ́ gbogbo ará ilé pé bí àlejò bá béèrè òun, kí wọ́n ní òun kò gbé ibẹ̀.

"Bàbá Fẹ́yì, ẹ lọ san owó olówó!" Mojírọ́lá sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ bó.

Nígbà tó yá, ìjọba fẹ́ gba Látúnjí síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àṣírí. Fọ́ọ̀mù bi í bóyá ó jẹ gbèsè, ó kọ "Rárá" gàdàgbà.

Ni òṣìṣẹ́ ìjọba méjì bá wá wádìí rẹ̀ nílé. Kí Mojírọ́lá tó jáde, ìyá onílé ti dá wọn lóhùn: "Látúnjí kẹ̀? Kò gbé ibí o."

Mojírọ́lá figbe ta. "Mà, ibí náà ló ń gbé!"

Ìyá onílé ní, "Yéè! Mo ṣe bí olówó ọ̀kadà ló rán wọn ni!"

Àgbà inú àwọn àlejò pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹni tó ń sá fún olówó, ẹni tó bá bá a san gbèsè lè ra àṣírí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. A ò lè gbà á."

Látúnjí dé, ó gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ta ló ṣe mí báyìí?"

Mojírọ́lá pòṣé. "Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Àáké ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń béèrè ẹni tó gégi."