Igbe Láti Orí Òkè Kékeré

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gun òkè mẹ́ta tó fara ti ara wọn. Ọ̀bọ ló ń ṣọ́nà lórí Òkè Àgbà, tó ga jù. Tó bá rí iná igbó, á kọrin, Ẹtu tó ń gbé lórí Òkè Àárín á gbè é, gbogbo ẹranko á sì sá. Àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáájú Ọ̀bọ ké.

Lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀ kan, iná gba àfonífojì ẹ̀yìn Òkè Kékeré wọlé. Láti orí Òkè Àgbà, a kì í rí ibẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ Òkè Kékeré, ló rí i. Ó kọrin:

Iná ń bọ̀ o, ẹ dìde.
Jàńjálá.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ tó gbè é. Ẹtu ò gbè é ní tiẹ̀. Ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó ní, "Ìwọ ọmọdé yìí, ta ló ní kí o ṣáájú bàbá?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èéfín ti há a lọ́fun.

Iná ń bọ̀ o, ẹ dìde.
Jàńjálá.

Ẹtu ní, "Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀."

Lẹ́ẹ̀kẹta, orin náà ò parí.

Kí Ọ̀bọ tó rí èéfín, iná ti gun Òkè Àárín. Ọ̀bọ bẹ́ sórí àpáta, ó ké:

Iná ń bọ̀ o, ẹ dìde.

Ó ń retí kí Ẹtu gbè é.

Rárá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é níbẹ̀.