Bí Adékànmbí Ṣe Jókòó Kọ́ Igi Kó Tó Tẹ Àjókòókọ́ Dó

Ẹ̀yin ọmọ Àjókòókọ́, ọmọ atẹ̀lú-mẹ́ta-kó-tó-ní-kan, ẹ má rò pé ìyìn pọ́ńbélé ni oríkì yín. Ìlú mẹ́ta ni baba ńlá yín bà jẹ́ kó tó dé ibi tí ẹ wà yìí.

Adékànmbí ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àbúrò rẹ̀ jọba, ó kó igba ènìyàn, ó bínú kúrò nílé. Ibi tí wọ́n bá ti rí orísun omi ni wọ́n ń tẹ̀dó sí. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ kí ejò má baà bu àwọn ìyàwó wọn ṣán létí omi, wọ́n á gé gbogbo igi tó yí orísun náà ká, títí oòrùn á fi máa wo ojú omi kòrókòró. Tó bá fi máa di ọdún kẹta, omi á gbẹ. Ilẹ̀ oko tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún á ṣá, iṣu á wá dà bí ìka ọmọ tuntun. Wọn kì í béèrè ìdí. Ní ìlú kìíní, wọ́n lé àjẹ́ méjì; ní ìkejì, mẹ́rin; ní ìkẹta, mẹ́sàn-án. Àjẹ́ ń pọ̀ sí i, omi ń dín kù.

Nígbà tí wọ́n tún di ẹrù, Àwẹ̀ró aya Adékànmbí wà nínú oyún. Ọmọ méjì ló ti sin sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ó ní, “Kábíyèsí aláìnílùú, ibi tí mo bá bí èyí sí ni mò ń gbé. Ẹ má di ẹrù tèmi mọ́ tiyín mọ́.”

Ní ọjọ́ kọkànlá ìrìn wọn, láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n kan odò kan tó ń ṣàn lábẹ́ igbó. Àmì pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dúró nìyẹn. Arúgbó amọ̀kòkò kan, Omítóóyìn, ló ń gbé létí rẹ̀. Òun ni àwòrò odò náà, òun náà sì ni gbogbo ìjọ rẹ̀. Adékànmbí béèrè bóyá ilẹ̀ yóò gba òun. Obìnrin náà dẹ etí sí omi, ó jẹ́ ẹnu fún odò:

“Ilẹ̀ kankan kò kọ̀ ọ́ rí. Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n. Kí àáké kankan má dún níhìn-ín títí òjò ọdún yìí yóò fi lọ. Ẹ jókòó, ẹ kọ́ igi tó ń ṣọ́ omi mi, èyí tó di ilẹ̀ mú, àti èyí tí ẹ lè gé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dúró.”

Jagun Ògúnṣakin, olórí ogun wọn, rẹ́rìn-ín. “Ọmọ ọba, ṣé èmi tí mo ti kó ẹrú bọ̀ láti ogun ni kó máa ka ewé lẹ́sẹ̀ amọ̀kòkò?”

“Ìlú mẹ́ta la ti tẹ̀, Jagun. Èwo ló kù níbẹ̀?”

“Àwọn àjẹ́ ló bà á jẹ́.”

Àwẹ̀ró ti tẹ́ ẹní ní tirẹ̀. “Ẹ máa lọ o, Jagun. Ó ku ẹ̀yin nìkan tí a ò tíì pè lájẹ̀ẹ́.”

Ìdajì wọn tẹ̀lé Jagun gun òkè. Wọ́n gé, wọ́n sun, iṣu ọdún àkọ́kọ́ sì tó itan ọmọ màlúù. Wọ́n ra ẹṣin. Bí wọ́n bá pàdé àwọn tó kù lọ́jà, wọ́n á ní, “Àjókòókọ́, ewé mélòó lẹ mọ̀ lónìí?” Ní ìsàlẹ̀, iṣu igbó ni wọ́n ń jẹ. Orí Adékànmbí kò tètè gbà á: ẹ̀ẹ̀mẹfà ló pe igi ọ̀mọ̀ ní arère, arúgbó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lórí. Àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró bímọ, ọmọ náà sì yè.

Ní ọdún kẹrin, orísun omi orí òkè gbẹ. Wọ́n wá àjẹ́ títí, wọ́n mú ìyá Jagun. Ibẹ̀ ni ojú Jagun ti là. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìkòkò òfìfo.

Adékànmbí ní, “Omi wà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.”

Ó jókòó. Èébú tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń bú lọ́jà ló di orúkọ ìlú.

Títí di òní, ẹnikẹ́ni kì í dé adé Àjókòókọ́ láìjókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ létí odò, kó dárúkọ ogójì igi lójú àwọn ọmọdé, tí òfin fún láyè láti fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá kùnà, ó di òjò ọdún tó ń bọ̀. Kábíyèsí tó wà lórí ìtẹ́ báyìí, kí adé pẹ́ lórí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kùnà. Àwọn ọmọdé ọjọ́ náà ti di ìjòyè. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí láràárọ̀, wọn ò sì tíì rẹ́rìn-ín tán.