Ìdí Tí Ọmọ Ewé Oníkòkò Fi Dúdú Ju Bàbá àti Ìyá Rẹ̀ Lọ

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ewéko ṣì ń fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń sọ ọmọ lórúkọ, kò sí Ewé Oníkòkò dúdú kankan láyé. Ṣé ẹ mọ Ewé Oníkòkò? Òun ni ewéko tí ewé rẹ̀ ká bí ìkòkò kékeré, tí omi wà nínú rẹ̀, tó sì ń jẹ eṣinṣin. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo dá a!

Ìdílé méjì ni wọ́n. Àwọn ará Àbàtà pupa fòò. Àwọn ará Òkè tutù yọ̀yọ̀ bí àwọ̀ ewé. Wọn kì í kí ara wọn. Ará Àbàtà á ní ará Òkè dà bí ọbẹ̀ tí kò lépo. Ará Òkè á ní gbogbo epo ọjà ni wọ́n dà lé ará Àbàtà lórí.

Oyin ló ṣe alárinà. Ó ń fò láti òdòdó Òkè sí òdòdó Àbàtà, ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, títí Àkànjí ọmọ Òkè fi fẹ́ Àwẹ̀ró ọmọ Àbàtà. Kò pẹ́, Àwẹ̀ró bí ọmọ kan. Ọmọ náà funfun bí ògì, kò tíì ní àwọ̀ kankan.

Òfin kan wà nílùú wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ṣí ìkòkò rẹ̀, kó sì mú eṣinṣin kan kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí kò bá rí i mú, kò ní gba orúkọ. Ẹni tí kò bá sì lórúkọ, kò ní àyè létí omi.

Ni àwọn ìyá àgbà bá dé láti wẹ ọmọ. Ìyá Àwẹ̀ró gbé igbá osùn. Ìyá Àkànjí gbé agbọ̀n ewé ẹ̀lú tútù.

"Ọmọ mi ló bí i, èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́," ni ìyá Àwẹ̀ró wí. "Osùn ni n ó fi pa á lára, kó lè pọ́n bíi tiwa."

"Kó pọ́n kẹ̀?" ni ìyá Àkànjí dáhùn. "Ilé ọmọ tèmi lẹ wà yìí o! Ewé yìí ni n ó fún sí i lára, kó lè tutù bíi tiwa."

Ẹ̀yin ọmọ aláró, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìyá Àkànjí kò rẹ aró rí láyé rẹ̀. Ó rí i pé ewé ẹ̀lú tutù, ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa wà, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe aró dúdú.

Bí ọ̀kan bá wẹ ọmọ tán láàárọ̀, èkejì á yọ́ wọlé lọ́sàn-án, á tún un wẹ̀. Osùn, ẹ̀lú. Ẹ̀lú, osùn. Wọ́n wẹ ọmọ yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹja!

Ní ọjọ́ keje, Àwẹ̀ró ṣí aṣọ lójú ọmọ. Ó kígbe. Ọmọ ti dúdú kirikiri bíi kóró iṣin.

"Oyin!" ni gbogbo ilé pariwo. "Níbo lo ti gbé eléyìí wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́!" ni Oyin wí, ó ti ń wá ojú fèrèsé.

Ìyá Àkànjí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Aró ti dé ìgúnpá. "Yéè! Mo ti ba ọmọ ọmọ mi jẹ́!"

"Àwa méjèèjì ni," ni ìyá Àwẹ̀ró wí. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn kọ́kọ́ bára mu.

Àwẹ̀ró ń sunkún. "Àwọ̀ tó ń tàn ni eṣinṣin máa ń tọ̀ lọ. Ta ni yóò wá bá ọmọ mi? Wọn ò ní fún un lórúkọ!"

Ọjọ́ kẹjọ pé. Oòrùn ọjọ́ náà mú burúkú. Baba Eṣinṣin kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé, ó ń làágùn. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn pupa. "Mo mọ̀ yín. Ẹ jẹ àbúrò mi lánàá." Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tútù. "Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ ẹ̀gbọ́n mi." Ó kọjá lọ.

Oòrùn ku díẹ̀ kó kan àtàrí.

Baba Eṣinṣin dúró níwájú ọmọ. "Kí lèyí? Ó dúdú, ó ń dán. Ibòji rèé o! Yàrá tútù rèé nínú oòrùn yìí!" Ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Yọ̀ọ̀ọ̀... pòtò!

"Ẹ̀yin onílé," ló ń ké láti inú omi, "àkàbà dà?"

"Ẹ gbọ́, wọ́n ti ń ṣe Baba lálejò!" ni àwọn tó kù wí. Ni gbogbo wọ́n bá rọ́ wọlé.

Ọmọ náà gùfẹ̀. Àwẹ̀ró ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Oyin fò yíká títí òòyì fi kọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà dì mọ́ra, wọ́n sì jọ pe orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Adúmáadán!"

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé, bí Ewé Oníkòkò pupa àti tútù bá fẹ́ra wọn, ọmọ wọn lè dúdú ju bàbá lọ, kó dúdú ju ìyá lọ, kó sì máa dán létí omi. Ẹ kàn má bi àwọn ìyá àgbà méjèèjì léèrè ta ló ṣe é o.

"Osùn mi ni!"

"Irọ́ ni, ẹ̀lú mi ni!"