Olè Tó Ru Àmì Onílé

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Òwe tí à ń pa bí ẹni ń jẹ̀pà ni, tí ọmọdé pàápàá lè parí rẹ̀ bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ẹ̀fọ́ náà? Irú kòkòrò wo ló jẹ ẹ́? Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí rí? Ẹ fara balẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí etí wa gbọ́ ọ yé, kí a sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Ní ìlú kan tí odò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àkùrọ̀ létí omi, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá àgbà kan tí ń jẹ́ Ọ̀jẹ́labí ló ń pín ilẹ̀ náà fún wọn. Ojú ọ̀nà tí kò gbà ju ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ ló pààlà sáàárín ebè lágbájá àti ebè tàmẹ̀dò. Bí ẹ̀fọ́ oko bá ti gbẹ tán, tí ọbẹ̀ ìlú bá ń jìyà, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ etí odò yìí ni í yọ gbogbo ilé.

Ọyáfúnkẹ́ ní àkùrọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ti Ìyá Lálónpé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Òun ló fà á lọ́wọ́ dé etí odò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, òun ló bu irúgbìn àkọ́kọ́ fún un, òun náà ló gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí àkọ́bí. Nínú ìlú tí Ọyáfúnkẹ́ kò ti ní ìyá, òun ni ìyá.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹ̀fọ́ Ọyáfúnkẹ́ hù, ó gún régé. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìdí rẹ̀ kí oòrùn má baà jó o, ó sì ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ìyá Lálónpé ní kó kó ewé yẹn kúrò, pé ibi tó bá tutù jù, ohun tí a kò pè a máa fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọyáfúnkẹ́ kàn rẹ́rìn-ín ni. Tirẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀; ti ìyá, tí eérú ààrò funfun yí gbogbo ìdí rẹ̀ ká, dà bí ojú ẹni tó jí tí kò tíì bọ́jú.

Àfi bó ṣe dé etí odò láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá ewé ẹ̀fọ́ rẹ̀ tó ti di ajere. Àwọn mìíràn kò ku nǹkan kan bí kò ṣe ọ̀pá àárín ewé. Ó bú ewúrẹ́ gbogbo ìlú, ó ri igi mọ́lẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí ebè ká. Ilẹ̀ mọ́, ajere náà ni. Ó ní òkété ni, ó dẹ tàkúté. Tàkúté mú ìka ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀. Ó ní ẹyẹ ni, ó wọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ fún igi kan láàárín ẹ̀fọ́, ọkọ rẹ̀ sì ń wá ẹ̀wù kiri yàrá. Ẹyẹ ń bà lé igi aláṣọ náà léjìká, ẹ̀fọ́ sì ń dínkù. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ̀ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ti Ọyáfúnkẹ́ ti tẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń bá ewé sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dárúkọ ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ó wá pinnu pé ènìyàn ni. Ó so ààlè. Ó gbé ọ̀pá kan dúró láàárín ebè, ó so àkísà, ṣùkù àgbàdo àti bàtà awọ ògbólógbòó kan mọ́ ọn, irú èyí tó jẹ́ pé bí ọmọlúàbí bá rí i, a yà fún un. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè kí gbogbo etí odò lè gbọ́. Ó ní ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ òun, àyà ni kó máa fi wọ́lẹ̀ kiri. Kí itọ́ máa dà lára rẹ̀ níbi tó bá gbà. Kí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ má sọ̀ kalẹ̀ títí ayé.

Ààlè kò pa olè. Ìbínú wá gun Ọyáfúnkẹ́ dé góńgó orí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ẹ̀fọ́ Ìyá Lálónpé tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu kàn. Ibi tí èṣù ti gba ọkàn rẹ̀ wọlé nìyẹn. Ó dá ìyá dúró lójú ọ̀nà, lójú àwọn tó ń pọnmi.

"Ìyá, ó yà mí lẹ́nu pé olè kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín."

Ìyá Lálónpé sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. "Sọ ọ́ kó yé mi, Ọyáfúnkẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé eyín kì í padà sọ́nà ọ̀fun."

"Ebè wa fara kan ara wọn. Tèmi di ajere, tiyín gún régé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jẹ́labí. Òfin àkùrọ̀ kò sì ṣòro ó mọ̀: ẹni tó bá jẹ nínú ebè ẹlòmíràn, a ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní tẹ etí odò mọ́. Ìyá Lálónpé ní òun kò ní í rojọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, kí gbogbo wọn pàdé níbẹ̀, òun yóò di ààlè náà mú, òun yóò sì búra. Ó ní ṣùgbọ́n bí òun bá búra tán, bí wọ́n dá òun láre bí wọn kò dá òun láre, òun yóò fi àkùrọ̀ sílẹ̀, nítorí òun kò lè máa gbin ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fi ojú olè wo òun. Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọyáfúnkẹ́ láyà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ojú sì ń tì í láti kó o jẹ.

Ìrì ṣì wà lórí ewé nígbà tí wọ́n péjọ. Ìyá Lálónpé rìn wọ àárín ebè, ó já bàtà ògbólógbòó náà lára ọ̀pá, ó gbé e sókè láti búra. Kò tíì la ẹnu tí nǹkan tútù kan fi kan ìka rẹ̀. Ó yẹ inú bàtà wò. Ó da ojú rẹ̀ dé sórí àtẹ́lẹwọ́, ìgbín kan sì bọ́ jáde, ó sanra bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀, ewé tẹ̀tẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀jẹ́labí fi ọ̀pá rẹ̀ gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè. Ìgbín, arulékiri má sanwó ibùsùn, arìn-bí-ẹni-tí-kò-lọ tó ń dé ibi tó ń lọ: wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìdí ẹ̀fọ́, àgbà wọn, ọmọ wọn, àti àwọn jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ tí kò tilẹ̀ ní ìkarahun. Wọ́n wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó fi ṣọgbà. Wọ́n wà ní ìṣẹ́tí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀.

Ìyá Lálónpé gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ojú. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn wà lẹ́yìn ìkarahun rẹ̀. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ àmì yẹn. Òun ni Ọyáfúnkẹ́ fi ń dá ìkòkò omi rẹ̀ mọ̀ láàárín ìkòkò ẹlòmíràn.

Ìgbà náà ni Ọyáfúnkẹ́ tó rántí. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ṣa ọmọ ìgbín díẹ̀ létí odò, ó fi ojú ọ̀bẹ ha àmì sí wọn lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà ní tòun ni, ó sì tọ́jú wọn sí ìdí ebè pé kí wọ́n dàgbà fún ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n fi ohun funfun dí ilẹ̀kùn ara wọn, ó rò pé wọ́n ti kú, ó gbàgbé wọn. Omi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn fún wọn.

Ó wólẹ̀ lórí eékún. "Ìgbín ni mo sìn, Ìyá. Mi ò mọ̀ pé ìgbín lè di kòkòrò."

"Nínú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti ń jẹ́ ìgbín," ni ìyá wí. "Níbi tó bá ti ń jẹ ẹ̀fọ́, kòkòrò ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ìwọ wá ń wá a lọ́wọ́ mi."

Ọ̀jẹ́labí yẹ ìgbín náà wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. "Àyà lo ní kó máa fi wọ́lẹ̀? Ó ń fi wọ́. Itọ́ ń dà. Ẹrù kò kúrò lẹ́yìn. Ọyáfúnkẹ́, èpè rẹ ti jà kó o tó ṣẹ́ ẹ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà nínú ìkòkò orí wọn. Ìyá Lálónpé kò rín. Ó ṣa èyí tó tóbi nínú àwọn olè náà sínú agbọ̀n rẹ̀, ó ní wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ tó, ọbẹ̀ wọn kò tún nílò ẹ̀fọ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọyáfúnkẹ́ nìkan ló tú ọgbà, ló kó ewé, ló hú ọ̀pá ààlè. Nígbà tó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá, wọ́n ní ó ń sùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà láàárín ọ̀run.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó fi ẹsẹ̀ wúwo rìn lọ sí etí odò, ó ti gbà pé ebè ẹ̀gbẹ́ òun yóò ti di ahoro. Agbọ̀n eérú kan ló bá lẹ́nu ààlà tirẹ̀, ó kún dẹ́nu, bàtà ògbólógbòó náà sì wà lórí rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìyá Lálónpé lóṣòó nínú ebè tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tu koríko. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Da eérú yẹn yí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ ká, ìgbín kì í wọ́ kọjá rẹ̀," ló wí. "Má sì jẹ́ kí omi kàn án."

Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni, tí olóhun ń ṣọgbà, tí ń ṣépè, tí ń na ìka sí aládùúgbò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìpalára ti ń wá, bóyá lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀, bóyá lọ́wọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ bọ́ dàgbà, àwọn àgbà a sọ fún un pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kí Ẹlẹ́dàá fún wa ní sùúrù láti ṣí ewé wò, ká tó pe ẹni tó gbẹ̀bí wa ní olè.