Ọwọ́ Òsì Nídìí Ìbọn

Ọkùnrin kan wà tó ń rọ ìbọn fún àwọn sójà. Kì í ṣe gbogbo sójà o, àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣà ni, àwọn tó máa ń dọ̀bálẹ̀ sínú igbó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, nítorí ọta kan ṣoṣo. Olórí wọn fẹ́ ìbọn tó fúyẹ́ láti gbé gun òkè, tí kò sì ní tàsé bí ibi tí wọ́n ń yìn ín sí tilẹ̀ jìnnà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá yìí fi ṣe é. Ó dè é mọ́ tábìlì irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo ọta sì gba ojú ihò kan náà kọjá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n pe ẹni tó mọ ìbọn yìn jù láàárín wọn. Ọwọ́ òsì ni sójà náà nà láti gba ìbọn lọ́wọ́ bàbá. Ojú bàbá korò.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan láti kékeré."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó yìn ín, ọta àkọ́kọ́ bá ojú àmì. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, òfo ni. Olórí mi orí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lòun fún bàbá, lẹ́yìn ìyẹn òun yóò wá ìbọn lọ sókè òkun. Ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ ṣòfò, ó sì dun bàbá wọra.

"Ìbọn mi ò ṣẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ àìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Láti fi hàn pé òótọ́ lòun sọ, ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó gbé ìbọn lé èjìká òsì bíi ti sójà yẹn, ó sì yìn ín. Kòròfo ọta tó gbóná janjan fò jáde lápá ọ̀tún ìbọn, ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì yọ̀ wọ ọrùn bùbá rẹ̀.

Bàbá fò sókè. Ó jó, ó gbọn aṣọ, ó ké pe ìyá tó bí i. Àwọn sójà kọ́kọ́ panu mọ́ nítorí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kòròfo jábọ́ lábẹ́ bùbá, ẹ̀rín bú jáde, òun náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ sójà náà. Ojú iná mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

"Ó ń jó ọ, ó ń mú ọ ta gìrì kí o tó yìn ín, o sì dákẹ́?"

"Ẹ ti bínú sí mi, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí kí ẹ má sọ pé mo tún ń gbó yín lẹ́nu."

"Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún un ṣe kí kòròfo máa já bọ́ lábẹ́ ìbọn, kí ọwọ́ méjèèjì lè yìn ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, sójà náà yin ọta márùn-ún; ọsàn kan ṣoṣo ì bá bo gbogbo ihò wọn. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn ajínigbé kó àwọn àgbẹ̀ kan sínú ọkọ̀ ojú omi. Láti orí òkè, sójà yìí yin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú fin-ín. Kí àwọn ajínigbé tó mọ ohun tó ṣe wọ́n, àwọn sójà yòókù ti ká wọn mọ́. Ẹnì kankan ò kú. Orin ni àwọn àgbẹ̀ kọ wọ̀lú.

Bàbá lọ pàdé wọn lọ́nà. Sójà náà rántí ẹ̀kọ́ ilé, ó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni bàbá nà sí i. Ariwo ayọ̀ sọ.

Ọ̀rẹ́ mi, o ní ọmọbìnrin tó ń bá ọ ránṣọ kì í dáhùn bí o bá pè é, pé ìgbéraga ni, pé ọ̀la ni wàá lé e. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, lọ jókòó sórí àga rẹ̀, nídìí jẹnẹrétọ̀ tí o gbé tì í yẹn. Jẹ́ kí ẹnì kan pe orúkọ rẹ látẹ̀yìn, kí o wá sọ fún mi bóyá o gbọ́.