Ilé Tí Ẹyẹ Àkọ̀ Kò Rí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ehoro ẹlẹ́tàn àti Ìyá Òkété, onílé abẹ́ ilẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Àkọ̀, ẹyẹ ńlá láti òkè òkun, máa ń fò kọjá lórí oko àwọn Òkété. Bó bá wolẹ̀, koríko nìkan ló ń rí. Ló bá bi Ehoro pé, "Níbo làwọn wọ̀nyí ń sùn?"

Ehoro sunkún èké. "Baba, wọn ò nílé. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń jẹ."

Àánú ṣe Àkọ̀. Lọ́dọọdún ló ń gbé àpò ọkà àti ẹja gbígbẹ fún Ehoro pé kó pín in fún wọn. Ehoro pín in lóòótọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bó ṣe pín in: ẹnu gba tirẹ̀, ikùn gba tirẹ̀.

Nígbà tó yá, Àkọ̀ ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni n ó gbé e fún wọn."

Ehoro rò ó wò. Bí àṣírí bá tú, oúnjẹ ọ̀fẹ́ parí nìyẹn. Ó sáré tọ Ìyá Òkété lọ.

"Ìyá, àlejò ń bọ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ ni ilé. Ẹ fi ewé dí ẹnu ọ̀nà yín, kẹ́ ẹ jókòó síta, kẹ́ ẹ dákẹ́."

"Irú àlejò wo ni kì í wọlé?"

"Ará òkèèrè ni, Ìyá. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn."

Àkọ̀ balẹ̀ tòun ti àpò ọkà. Ìyá Òkété àtàwọn ọmọ rẹ̀ dákẹ́ lórí koríko. Inú Ehoro ń dùn. Àfi bí Àkọ̀ ṣe wúkọ́, tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Ìyá Òkété fò dìde. "Àgbẹdọ̀! Àlejò á jókòó níwájú mi, kò ní rí omi mu?"

"Ìyá, ẹ jókòó!"

"Kí ni n ó wí fún àwọn tó bí mi?"

Ó kó ewé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àkọ̀ na ọrùn gígùn wọnú ihò. Yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá! Àká kún fún ẹ̀pà àti ẹ̀kùrọ́, omi tútù wà nínú akèǹgbè. Ó mu, ó jẹ, ó yó.

"Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ lẹ ń jẹ."

"Iyẹ̀pẹ̀ kẹ̀? À ń gbẹ́ ẹ ni, a kì í jẹ ẹ́!"

"Àpò ọkà tí mo ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Ehoro. Ọmọ Òkété kan ní, "Bọ̀dá Ehoro, abájọ tí ikùn yín fi ṣáájú yín dé!"

Ehoro fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò dúró gba àpò.

Àkọ̀ káṣọ ìyẹ́ rẹ̀ jọ, ó rẹlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí oúnjẹ yín ṣe kì í bàjẹ́ lábẹ́ ilẹ̀."

Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín. "Ẹ sún mọ́bí."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí: ẹni tó ń fò lókè kò tíì dé ilé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi ewé bo ohun tí ìyá yín kọ́ nítorí oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ bu omi fún àlejò.